Fífi plásmà tútù mú nánótúùbù kábọ́ọ̀nù hù

Àwọ̀n átọ́mù kábọ́ọ̀nù tó ká bí ẹní, tó di ọ̀pá oníhò tín-ín-rín, ni nánótúùbù kábọ́ọ̀nù. Nínú ìléru lásán, ooru nìkan ló ń tú gáàsì oníkábọ́ọ̀nù ká, èyí sì sábà máa ń gba 600 sí 1,000 °C. Ike á ti jó kí ooru tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ gíláàsì á ti rọ̀, wáyà inú síìpù kọ̀ǹpútà kò sì lè fara da ohun tó ju nǹkan bí 400 °C lọ.

Nínú plásmà tútù, iná mànàmáná ló ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára gáàsì tí a ti fà dínkù. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà gbóná kọjá 10,000 °C, ṣùgbọ́n wọ́n fúyẹ́ débi pé gáàsì tó yí wọn ká kì í bá wọn gbóná tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń fọ́ gáàsì náà dípò ìléru. Ní 1998, Z. F. Ren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Buffalo, Amẹ́ríkà, mú nánótúùbù tó nàró hù lórí gíláàsì nínú ooru tí kò tó 666 °C. Ní 2003, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Cambridge ròyìn 120 °C.

Orí àwo sílíkọ́nì ni iṣẹ́ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ tẹ́ sílíkà tàbí títáníọ́ọ̀mù náítíráìdì sí i, torí bí nikẹ́lì, tí ọ̀pá yóò hù lára rẹ̀, bá kan sílíkọ́nì nínú ooru, àwọn méjèèjì á pò di sílísáìdì, nikẹ́lì ò sì ní lè mú ohunkóhun hù mọ́. Lẹ́yìn náà ni a fi nikẹ́lì (irin tàbí kóbáltì náà ṣe é lò) tó nípọn tó nánómítà 5 sí 10 bò ó. Bí a ti ń mú un gbóná nínú amóníà, nikẹ́lì náà á já sí ẹ̀kán-ẹ̀kán bí omi orí ewé kókò. Bí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan bá ti tóbi tó ni ọ̀pá tó hù níbẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. A ó wá tan iná náà, nǹkan bíi 600 fóltì, a ó sì jẹ́ kí asẹtilíìnì, gáàsì oníkábọ́ọ̀nù náà, wọlé.

Ìwọ̀n gáàsì méjèèjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìdá kan asẹtilíìnì sí mẹ́rin amóníà ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí asẹtilíìnì bá pọ̀ jù, èédú lásán á bo nikẹ́lì, ọ̀pá ò ní hù mọ́. Bí amóníà bá pọ̀ jù, á máa jẹ ọ̀pá náà fúnra rẹ̀. Agbára iná tó wà lójú àwo ló ń mú kí ọ̀pá nàró, ṣùgbọ́n òun kan náà ló ń fi áyọ́ọ̀nù (átọ́mù gáàsì tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù) gbá wọn. Ọ̀pá onípele-púpọ̀ (ọ̀pá nínú ọ̀pá) tó ní oríkèé nínú bí ọparun máa ń fara dà á. Ti onípele-kan kì í sábà là á já, àyàfi tí a bá gbé àwo jìnnà sí plásmà.

Ó yẹ kí a máa bi ẹni tó bá kéde ìwọ̀n ooru kékeré pé ibo ló ti wọ̀n ọ́n. Plásmà fúnra rẹ̀ ń mú ojú àwo gbóná, nítorí náà ohun tí a fi wọn ooru lábẹ́ àwo lè sọ iye tó kéré sí ti ojú rẹ̀ gan-an.

Asẹtilíìnì kò gbọdọ̀ gba inú páìpù bàbà, torí ohun tó ń bú gbàmù lè kóra jọ síbẹ̀. Àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú amóníà nínú plásmà tún ń di háídrójìn sáyánáìdì, májèlé gidi, nítorí náà a gbọ́dọ̀ sẹ́ gáàsì tó ń jáde kí ó tó bọ́ sí afẹ́fẹ́.