Igbó Maine, ta ló ni ín gan-an?

Tẹ́ ẹ bá wọ igbó ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, láàárín igi ńláńlá níbi tí ò sí ilé tí ò sí ọ̀nà, ẹ máa ṣàdédé rí ògiri òkúta, kúkurú báyìí tí ò ga ju orókún lọ, tó gba inú igbó lọ gbọọrọ. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ta ló wá kọ́ ògiri sínú igbó. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ sínú igbó o, oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ló ń ṣa òkúta kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tò ó sí ààlà, nígbà tó yá wọ́n pa oko tì wọ́n lọ wá ilẹ̀ tó dáa jùyẹn lọ lápá ìwọ̀ oòrùn, igi páìnì bá gba oko padà.

Iṣẹ́ igbó ni mò ń ṣe, wíwọn igi àti mímọ ọjọ́ orí ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé Maine ni igbó pọ̀ sí jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, òótọ́ ni, igbó bo nǹkan bíi 90 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó tọ́wọ́ ò kàn rí. Wọ́n ti gé e, ó ti hù, wọ́n tún ti gé e, àtìgbà tí òyìnbó sì ti débẹ̀ ni wọ́n ti ń jà lórí ta ló ni igi.

Ọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ pé òun ni. Ọkọ̀ ogun ẹ̀ ń wá òpó ìgbòkun, páìnì funfun sì ga, ó gún régé, ni wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ 1691 pé páìnì tí ìbú ẹ̀ bá ti tó 24 íńṣì, tí ò ti wà lórí ilẹ̀ ẹnì kan, ti ọba ni. Àáké ni wọ́n fi ń sá a lára lẹ́ẹ̀mẹta bí orí ọfà. Ẹ wo bó ṣe máa rí lára àwọn tó jẹ́ pé igi ni wọ́n ń là jẹun. Ní June 1775 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Margaretta, tẹ̀lé oníṣòwò kan wá sí Machias, ìlú kan létí òkun Maine, pákó tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa fi kọ́ bárékè ní Boston ni wọ́n wá kó, àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀, Jeremiah O'Brien, ọ̀kan nínú wọn, kó wọn sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn àti àáké, wọ́n sì gba Margaretta mọ́ wọn lọ́wọ́.

Amẹ́ríkà gba òmìnira, ọba lọ, igi ò tíì di ti mẹ̀kúnnù. Abẹ́ ìpínlẹ̀ Massachusetts ni Maine wà nígbà yẹn, gbèsè ogun wà lọ́rùn wọn, ni wọ́n bá ń ta igbó, olówó kan tó ń jẹ́ William Bingham nìkan ra nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì éékà ní 1793. Maine di ìpínlẹ̀ ní 15 March 1820, bó ṣe dé ibẹ̀ sì máa ń dùn mí: àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ò jẹ́ kó wọlé láìní ẹrú àfi kí ìpínlẹ̀ Missouri náà wọlé pẹ̀lú ẹrú, kí iye ìpínlẹ̀ tó ní ẹrú àti èyí tí ò ní lè dọ́gba.

Wàyí o, iṣẹ́ gẹdú gan-an. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń gé igi torí àbàtà ló pọ̀ nílẹ̀ yẹn, yìnyín ló ń sọ ọ́ di títì. Wọ́n á da omi sójú ọ̀nà kó lè dì gbagidi, màlúù tàbí ẹṣin á máa fa ìtì igi lórí ẹ̀ dé etí odò. Tí yìnyín bá yọ́, tí odò kún, wọ́n á ti gbogbo ẹ̀ sómi, olúkúlùkù ti sá àmì tiẹ̀ sára igi kí wọ́n lè ṣà wọ́n sọ́tọ̀ nísàlẹ̀ odò, kó tó dé àwọn sọ́míìlì tó yí ìlú Bangor ká. Àwọn ọkùnrin á máa sáré lórí igi tó ń léfòó, tí igi bá há, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ tú u, ìgbà tó bá sì tú, Ọlọ́run ló ń yọ onítọ̀hún. Ní 4 July 1870 odò pa Joseph Attean níbi iṣẹ́ yìí, ẹni tó ti jẹ olórí àwọn Penobscot, ẹ̀yà kan tó ti wà ní Maine kí òyìnbó tó dé. Ọmọ onílẹ̀, gẹdú àwọn tó gba ilẹ̀ ló ń dà lọ. Mi ò lè kọjá létí odò yẹn kí n má rántí ẹ̀. Ọdún 1976 ni wọ́n tó jáwọ́ nínú fífi odò Kennebec kó igi.

Lẹ́yìn páìnì ńlá, ilé iṣẹ́ pépà ló kàn, ìlú Millinocket hù sáàárín igbó nítorí ẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn sì tì ní 2008. Títí dòní nǹkan bí ìdajì ìpínlẹ̀ ni ò ní ìjọba ìbílẹ̀ kankan, nọ́ńbà lásán lẹ máa rí lórí máàpù, bíi T5 R9.

Àwọn Penobscot àti Passamaquoddy, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, ò gbàgbé. Wọ́n gbé òfin 1790 jáde, tó ní ẹnikẹ́ni ò lè gba ilẹ̀ wọn láìjẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n sì bèèrè bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀. Ní 1980 wọ́n yanjú ẹ̀ fún mílíọ̀nù 81.5 dọ́là, wọ́n wá ń fi nínú owó yẹn ra igbó àwọn baba wọn padà. Percival Baxter náà, tó ṣe gómìnà láti 1921 sí 1925, àwọn aṣòfin ò gbà kí ìjọba ra òkè Katahdin, ó fowó ara ẹ̀ rà á díẹ̀díẹ̀, ó lé ní 200,000 éékà, ó fi ta ìlú lọ́rẹ pé kó wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gan-an.

Igbó tó kù, èyí tó pọ̀ jù ṣì jẹ́ ti aládàáni, ṣùgbọ́n àṣà ibẹ̀ ni pé tí wọn ò bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kẹ́ ẹ má wọlé, ẹ lè rìn. Adágún tó ju éékà 10 lọ jẹ́ ti gbogbo ayé látìgbà òfin 1640 sí nǹkan, ẹ lè fẹsẹ̀ gba ilẹ̀ tí wọn ò dá lóko débẹ̀. Tó bá jẹ́ November ẹ lọ, ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò torí àwọn ọdẹ àgbọ̀nrín, tàbí kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ Sunday, òfin ò gbà kí wọ́n dẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn.