Ọkùnrin Mẹ́rin, Aago Kan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Borí Nínú Eré Sísá Ayé Àtijọ́

Nígbà tí àṣekágbá eré mítà 100 àwọn ọkùnrin parí nílùú Helsinki ní Òlíńpíìkì ọdún 1952, iye kan náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún èèyàn mẹ́rin: ìṣẹ́jú-àáyá 10.4. Àwọn ni Lindy Remigino ará Amẹ́ríkà, Herb McKenley ará Jàmáíkà, McDonald Bailey ọmọ Trinidad tó ń sáré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Dean Smith, ará Amẹ́ríkà bíi Remigino. Síbẹ̀, Remigino gba wúrà, McKenley gba fàdákà, Bailey gba idẹ, Smith kò sì rí nǹkan kan mú nínú eré náà. Bí aago bá ní ọgbọọgba ni wọ́n, ta ló wá sọ pé wọn kì í ṣe ọgbọọgba?

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni aago àti ipò lórí pápá ìgbà yẹn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé aago nìkan ni wọ́n ń bójú tó. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè ohun tí aago wí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláago. Mẹ́ta ló ń ṣọ́ ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní. Ìlà ìparí ni wọ́n ń dúró sí, aago lọ́wọ́, àtàǹpàkò lórí bọ́tìnnì, nígbà tí ẹni tó ń yìnbọn wà lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi mítà 100 sí wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn á dúró gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n ti pẹ́ nìyẹn, torí ìró máa ń lo bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èéfín ni wọ́n ń wò. Bí èéfín bá ti yọ lẹ́nu ìbọn, wọ́n á tẹ aago. Bí àyà eléré bá kan ìlà, wọ́n á tún un tẹ̀. Bí aago méjì bá bára mu, iye tí méjèèjì mú ni wọ́n ń kọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra, ti àárín ni.

Èéfín kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó yọ, nítorí náà ìka máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ní ìparí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: aláago ti ń rí eléré bọ̀ látòkèèrè, ìka rẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Àkókò tó sọnù níbẹ̀rẹ̀ kò ní padà wá, ìdí sì nìyí tí aago àfọwọ́tẹ̀ fi máa ń ṣojúure sí eléré. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n ń kọ mọ. Ẹni tó ń sáré mítà 100 bẹ́ẹ̀ máa ń rin bíi mítà kan gbáko láàárín ìdá mẹ́wàá yẹn. Èèyàn mẹ́rin lè wọ inú mítà kan, kí gbogbo wọn sì máa jẹ́ 10.4.

Àwọn adájọ́ ipò ní tiwọn máa ń tò sórí àtẹ̀gùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Okùn òwú kan máa ń wà tí wọ́n ta kọjá lójú ọ̀nà, ní gíga àyà, kó lè ran ojú wọn lọ́wọ́. Ìrànwọ́ lásán ni okùn yẹn. Ìlà tó wà nílẹ̀ ni òpin. Orí kò kà, apá kò kà, ẹsẹ̀ kò kà. Agbede ara ni wọ́n ń wò, èjìká àti àyà.

Bí ojú wọn kò bá gbà á, kámẹ́rà ló kù. Kámẹ́rà yìí kì í ya àwòrán bí èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ihò tóóró kan ló wà níwájú rẹ̀, tó dojú kọ ìlà ìparí nìkan, fíìmù sì ń ṣí kọjá lẹ́yìn ihò náà láìdúró. Ohun tó bá kan ìlà ní àkókò yẹn gan-an nìkan ló ń wọ fíìmù. Nítorí náà, àwòrán náà kì í ṣe ti ibì kan ṣoṣo ní àsìkò kan. Ìlà kan ṣoṣo ni, bó ṣe rí láti ìgbà dé ìgbà. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ orí ìlà fún ìgbà díẹ̀ á gùn gbọọrọ bíi bàtà òmìrán, apá tó yára kọjá á sì sún kì. Adájọ́ á wá fa ìlà tín-ín-rín sókè sísàlẹ̀ lórí àwòrán náà, níbi tí àyà ẹnì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Bó ṣe rí nìyẹn ní Helsinki. Remigino gbà pé McKenley ló borí, ó tiẹ̀ lọ kí i kú oríire. Àwòrán ló fi hàn pé èjìká ọ̀tún Remigino ti ṣáájú. Aago tó wà nínú fíìmù yẹn mú 10.79 fún un, 10.80 fún McKenley, 10.83 fún Bailey, 10.84 fún Smith. Ìdíje yìí kan náà ni Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ, Karim Olowu àti Edward Ajado sì wà lára àwọn tó lọ sáré níbẹ̀.

Ẹni tó ń dúró de àwòrán kì í fara balẹ̀. Ní London lọ́dún 1948, Fanny Blankers-Koen ará Netherlands àti Maureen Gardner ará Gẹ̀ẹ́sì jọ parí eré mítà 80 onífífò ní 11.2. Bí wọ́n ti ń retí èsì, ẹgbẹ́ akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Blankers-Koen gbà pé Gardner ni wọ́n ń kọrin náà fún, pé ó ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nìyẹn. Àṣé ìdílé ọba ló ń wọ pápá bọ̀! Blankers-Koen ló gba wúrà.

Ní Rome lọ́dún 1960, Otis Davis ará Amẹ́ríkà àti Carl Kaufmann ará Jámánì jọ gba 44.9 nínú eré mítà 400. Kaufmann ju ara rẹ̀ síwájú tó fi ṣubú kọjá ìlà, ṣùgbọ́n àyà Davis ló ti kọ́kọ́ débẹ̀, wúrà sì di tirẹ̀.

Síbẹ̀ náà, iye tí aago àfọwọ́tẹ̀ bá mú ni wọ́n ṣì ń kọ sínú ìwé nígbà yẹn. Láti ọdún 1977 ni ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá orí pápá lágbàáyé ti pàṣẹ pé àkókò tí ẹ̀rọ bá mú nìkan ni àwọn yóò máa gbà fún àkọsílẹ̀ àgbáyé nínú eré kúkúrú.