RAS: Bí ìró ìlù ṣe ń tún ìrìn àwọn tó ní àrùn Parkinson ṣe

Rhythmic Auditory Stimulation, tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ń gé kúrú sí RAS, jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú kan nínú èyí tí ẹni tó ní àrùn Parkinson máa ń rìn tẹ̀lé ìró tó ń dún déédéé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa balẹ̀ gẹ́lẹ́ ní àkókò tí ìró náà bá dún. Ìró yìí lè jẹ́ orin, ó sì lè jẹ́ ìró metronome lásán, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olórin fi ń díwọ̀n ìyára orin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé adùn orin ló ń mú ara aláìsàn yá tó fi ń rìn dáadáa. Adùn orin ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró tí àlàfo àárín rẹ̀ dọ́gba ló ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an.

Kí èyí tó lè yé wa, a ní láti mọ ohun tí àrùn náà ń bàjẹ́. Nínú ọpọlọ ẹni tó ní Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè èròjà dopamine ń kú díẹ̀díẹ̀, àìtó èròjà yìí sì ń da iṣẹ́ basal ganglia rú, ìyẹn àwọn apá kan tó wà ní ìsàlẹ̀ nínú ọpọlọ, tó ń bá wa darí ìṣísẹ̀ tí a ti mọ̀ mọ́ra débi pé a kì í ronú sí i mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í ka ìgbésẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti pinnu pé òun ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan yóò máa tẹ̀lé èkejì títí yóò fi débẹ̀. Nígbà tí ètò yìí bá dàrú, ìgbésẹ̀ á kúrú, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, àkókò láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì kò sì ní dọ́gba mọ́. Nígbà mìíràn ìgbésẹ̀ á máa yára sí i bí ó ti ń kéré sí i, ohun kan tí James Parkinson fúnra rẹ̀, dókítà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà, ti ṣàpèjúwe ní ọdún 1817. Èyí tó ń dẹ́rù bani jù lọ ni kí ẹsẹ̀ kọ̀ láti gbéra rárá, bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá ní ẹnu ọ̀nà, ní ibi tóóró, tàbí nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ yí padà. Ìṣubú tó ń tibẹ̀ wá kì í ṣe ohun kékeré.

Nígbà tí ìró bá ń dún déédéé, ọpọlọ kì í kàn gbọ́ ọ lásán. Ó ń retí ìgbà tí èyí tó kàn yóò dún. Àní bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, àwọn apá ọpọlọ tó ń darí ìṣísẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ bí ó bá ń gbọ́ ìlù. Nítorí náà ni aláìsàn ṣe lè mọ àkókò tó yẹ kí ẹsẹ̀ òun balẹ̀ láti ìta, nígbà tí èyí tí ọpọlọ rẹ̀ ń pèsè láti inú kò bá ṣe é gbára lé mọ́. Ìdí sì nìyí tí orin tí ìyára rẹ̀ ń yí padà, tàbí tí ìlù rẹ̀ fara sin, kò fi wúlò fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ ìlera tó mọ iṣẹ́ yìí yóò ṣe ni pé yóò ka iye ìgbésẹ̀ tí aláìsàn ń gbé ní ìṣẹ́jú kan bó ṣe máa ń rìn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 100, ìlù tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ yóò máa dún ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ bá ti bá a mu, wọ́n lè gbé e sókè sí 105 tàbí 110. Àṣìṣe ńlá ni láti fi orin tó yára ju agbára ẹni lọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn máa ń kọ̀ láti gbéra ní láti ṣọ́ra jù, nítorí pé ìlù tó yára lè mú kí ìṣòro náà pọ̀ sí i. Ìlù tó falẹ̀ díẹ̀ ló máa ń bá òmíràn nínú wọn lára mu.

Michael Thaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado State University ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 1996, nínú èyí tí àwọn aláìsàn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn tẹ̀lé ìlù lójoojúmọ́ ní ilé wọn. Ìyára ìrìn wọn lọ sókè ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbésẹ̀ wọn sì gùn sí i ní ìdá 12. Ìwádìí RESCUE, tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù pẹ̀lú àwọn aláìsàn 153, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, fi hàn pé ìrìn sàn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní náà dín kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí. Ó yẹ kí àwọn ẹbí aláìsàn fi èyí sọ́kàn: RAS kì í wo àrùn náà sàn, kò sì rọ́pò oògùn tí dókítà kọ, àṣetúnṣe ló ń mú kí ó ṣiṣẹ́.

Ibi tó tẹ́jú, tí kò sí ohun ìdìgbòlù, ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà nítòsí. Kò dára kí aláìsàn fi íápíìsì dí etí méjèèjì ní ojú títì, torí pé kò ní gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ lè fi ọkàn kọ orin tó mọ̀ dáadáa bó ṣe ń rìn. Àwọn olùwádìí ní Washington University ní ìlú St. Louis ti rí i pé irú orin inú ọkàn bẹ́ẹ̀ ń mú kí ìgbésẹ̀ dọ́gba sí i.