Iyọ̀ Tí Ẹ Gbé Bọ̀ Láti Ọ̀nà Àkùrọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, n ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù mi tán ní Bàrígà tí èèyàn mẹ́ta ti dúró dè mí. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́ta ti ògiri, ẹjọ́ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: "Ọ̀gá, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi." Mo gbé ti ẹni àkọ́kọ́ sókè, ṣéènì rẹ̀ ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ti ẹnì kejì ti gan, oríkèé mẹ́rin nínú ṣéènì náà ò ká mọ́. Síìtì ti ẹnì kẹta ò ṣeé gbé sókè, kò sì ṣeé rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gùn ún lọ kẹ́yìn. Ọ̀kan lọ wo oko ìrẹsì ní ìhà Ìmọ̀tà. Ọ̀kan gba Lẹ́kí dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀kẹta ní ọ̀nà Àgbádárìgì lòun lọ. Ìgbà wo? Ọjọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Kí lẹ ṣe sí i nígbà tẹ́ ẹ délé? Wọ́n ń wojú ara wọn. Inú búùtù mọ́tò ni kẹ̀kẹ́ wà láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, tòun ti iyọ̀ lára!

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ táyà, tàbí irú akoto tẹ́ ẹ máa dé. Ẹni tó lè gbéra ní Yábàá ní aago márùn-ún ìdájí, kó gba Máìlì 12 kọjá, kó sọdá odò ní Májídùn, kó dé ibi tí lékeléke ti ń bà lé ìrẹsì, ó ti kọjá ẹni tí à ń kọ́ ní ìyẹn. Ohun tó ń gbóná lára mi ni ohun tẹ́ ẹ kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá délé. Ojú ọ̀nà kọ́ ló ń pa kẹ̀kẹ́ yín, ilé yín ló ti ń kú.

Ẹ lọ wo iyọ̀ inú ike ní ilé ìdáná yín lásìkò òjò. Ẹnikẹ́ni ò bu omi sí i, síbẹ̀ ó ti rin, ó ti dì, omi ti dúró sí ìdí ike. Iyọ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ ni. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 75 nínú 100, iyọ̀ tó gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ fúnra rẹ̀. Ní Èkó wa yìí, ọ̀pọ̀ òru nínú ọdún ló máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ wò lọ́sàn-án tẹ́ ẹ ní ó ti gbẹ, tó bá di òru, á tún tutù. Omi iyọ̀ á tún padà sínú oríkèé ṣéènì, á tún padà sí ìdí sípóòkù, á ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di ọ̀sán, á gbẹ. Tó bá di alẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Òru mẹ́jọ irú ìyẹn ni kẹ̀kẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lò nínú búùtù.

Ẹnì kan á ní, "Ọ̀gá, mi ò sún mọ́ òkun." Ẹ ò nílò láti sún mọ́ ọn. Lítà kan omi òkun gbé nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀. Ìgbì tó ń fọ́ létí òkun máa ń tú u sínú afẹ́fẹ́, atẹ́gùn á sì gbé e wọ ìlú. Ẹ fi ahọ́n kan apá yín nígbà tẹ́ ẹ bá ti gun kẹ̀kẹ́ dé Ẹ̀pẹ́. Òógùn nìkan kọ́ lẹ máa tọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ò fẹ́ gbà. Wọ́n gbà pé àsìkò òjò ló ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́, pé ẹ̀ẹ̀rùn ò léwu. Ní ti iyọ̀, òdì kejì rẹ̀ ló rí. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù máa ń kún, wọ́n á da omi dídùn sínú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù gidigidi. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò á fà, omi òkun á ráàyè wọlé, ọ̀sà á sì tún níyọ̀. Oṣù tẹ́ ẹ rò pé kò sí wàhálà, tí ọ̀nà gbẹ, tójú ọjọ́ mọ́ kedere, oṣù náà ló yẹ kẹ́ ẹ fọ kẹ̀kẹ́ yín jù.

Ẹrẹ̀ àkùrọ̀ tún ní ìwà tiẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ̀tà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, èyí tí wọ́n kọ́ kó lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan, ọ̀nà ibẹ̀ ti di ibi ìnàjú fáwọn oníbàárà mi. Mi ò bá wọn wí, ibẹ̀ tutù lójú. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ oko ìrẹsì kúnná, ó kúnná ju èlùbọ́ lọ. Á wọnú fíríwíìlì, eléyín tí ṣéènì ń yí ní ìdí táyà ẹ̀yìn, á jókòó síbẹ̀. Ajílẹ̀ táwọn àgbẹ̀ ń lò sì sábà máa ń ní iyọ̀ tiẹ̀ nínú. Ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba ẹ̀bá oko kọjá tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò.

Omi tẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń gbé lápá Àjáh àti Lẹ́kí, ẹ kọ́kọ́ tọ́ omi bóhóòlù yín wò. Omi bóhóòlù mìíràn lápá ibẹ̀ níyọ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tó ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn lójoojúmọ́ tó bá gùn ún, tó sì ń dípẹtà síbẹ̀. Ó fẹ̀sùn kan mí, ó fẹ̀sùn kan ẹni tó tà á fún un. Ìgbà tí mo délé rẹ̀ ni mo bu omi sẹ́nu, mo sì tu ú síta kíá. Iyọ̀ ló fi ń fọ iyọ̀! Garawa omi òjò kan, ọṣẹ díẹ̀, kànìnkànìn, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fún ṣéènì, ó tó. Kẹ́ ẹ fi àkísà nù ún, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá kán ọ́ìlì ṣéènì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì nu èyí tó kù lára rẹ̀ kúrò. Kí gbogbo rẹ̀ parí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé, kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò o. Omi tó ń já jáde lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn ń ti iyanrìn wọnú béárìn ni.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ló ń dá kún ìyà yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin á ra sípánà mẹ́ta, á jókòó sábẹ́ afárá, á máa da kọ̀ndẹ́mù ọ́ìlì sórí ṣéènì ẹlòmíì. Ọ́ìlì tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, tó ti dúdú, tó kún fún irin kíkúnná! Ìyẹn lẹ sanwó kí wọ́n dà sára kẹ̀kẹ́ yín? Òmíràn á ní òun ní òògùn ìpẹtà. Mo bi í pé kí ni, ó ní omi bátìrì ni. Ó ń rẹ ṣéènì sínú ásíìdì. Lóòótọ́, ìpẹtà á lọ, ṣéènì á dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ásíìdì máa ń sọ irin líle di ohun tó ń sán. Ẹ̀ ń gun afárá lọ sókè, ẹ tẹ pẹ́dà, ó já, orókùn yín lọ bá irin. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Mushin kí ọ̀gá mi tó fún mi ní fúrídọ̀m. Ọdún kan nínú rẹ̀, béárìn nìkan ni mo ń fọ̀. Iṣẹ́ yìí ní ìwé, bí a ò tilẹ̀ kọ ọ́ sórí tákàdá.

Ṣéènì àwọn míì sì ń já, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Oníbàárà mi kan, ṣéènì rẹ̀ já nígbà mẹ́ta lójú ibì kan náà. Ìyá rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sílé àdúrà, wọ́n fi òróró pa á látòkè délẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n òróró náà fa iyanrìn mọ́ra, ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ṣéènì kẹrin fi lọ. Òkè ló wà níbẹ̀, ó sì máa ń pààrọ̀ jíà lẹ́yìn tó bá ti ń gun òkè náà, ìyẹn ló ń já ṣéènì rẹ̀. Àwọn míì á ní Ògún ló ń bínú. Ògún tó ni irin ò ní kẹ́ ẹ má fọ irin.

Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì yín. Láti orí pín-ìnnì kan, irin kékeré tó so oríkèé pọ̀, dé orí pín-ìnnì kẹrìnlélógún sí i, íǹṣì 12 gééré ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ti fi ìdá kan nínú ìdá 16 íǹṣì kan kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ íǹṣì kan, ó ti jẹ eyín fíríwíìlì náà, owó yín á pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síìtì tó gan, ohun tó fà á ni pé ọ̀pá síìtì tó jẹ́ alumíníọ́mù wà nínú ara kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ irin, omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn. Irin méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà, tí omi iyọ̀ so pọ̀, bátìrì ni wọ́n dà. Alumíníọ́mù ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ fa síìtì yín yọ lóṣooṣù, ẹ fi gíríìsì sí i.

Alumíníọ́mù yìí gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí. Kì í pọ́n bó bá ń bàjẹ́. Funfun ló máa ń hù. Ojú yín sì ń wá pupa.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Marina, tó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìmọ̀tà ní ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì. Ó dé ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ní kí n wé téèpù tuntun sí hándù òun, ìdájí ọ̀la lòun ń jáde. Ó ní ó ti ń dún kẹ́ kẹ́ díẹ̀ lápá òsì. Mo ní kó jẹ́ kí n tú ti àtijọ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wé e lé e lórí, ilẹ̀ ti ń ṣú." Ọ̀gá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo wé e lé e lórí, mo gba owó mi.

Lójú ọ̀nà, kó tó dé Ìmọ̀tà, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sísàlẹ̀ níbì kan tó rọra dà gẹ̀rẹ̀. Apá òsì hándù kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣubú sápá ọ̀tún, sínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, egungun èjìká rẹ̀ dá. Ká ní òsì ló ṣubú sí, típà oníyanrìn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pè mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n gbé hándù náà wá fún mi lọ́jọ́ kejì. Mo tú téèpù tí èmi fúnra mi wé. Mo tú ti àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń rùn bí aṣọ tí òógùn gbẹ mọ́ lára. Lábẹ́ rẹ̀, irin náà funfun bí ẹfun, ó ń bọ́ bí eruku sórí tábìlì mi. Mo fi èékánná tẹ ibì kan, ó wọlé. Òógùn ọdún méjì àti iyọ̀ atẹ́gùn, tí téèpù dé mọ́bẹ̀ tí kò jẹ́ kó gbẹ rí, ló jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kù bíi páálí. Ìró kẹ́ kẹ́ yẹn, irin tó ń ya ni.

Láti ọjọ́ náà, n kì í wé téèpù lé téèpù fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ mi. Ẹ tú téèpù hándù yín ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ fi omi dídùn nu irin náà, ẹ wò ó yíká ibi tí bóòtù ti di í mú. Tẹ́ ẹ bá rí funfun tó jẹ ihò, ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ má fi yanrìn fọ̀ ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Tó bá sì ń dún, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Apá tó kán náà wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá ní òun ń kánjú, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé e lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà ti padà sórí kẹ̀kẹ́. Tí àsìkò téèpù bá tó, kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u lórí àpótí tó wà níta, á sì gbé hándù náà wá síbi tí oòrùn wà kí èmi àti ẹ̀ jọ wò ó.