Ajílẹ̀ Púpọ̀ Kọ́ Ló Ń Mú Kí Gbòǹgbò Gbilẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ajílẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ní ìdí ohun ọ̀gbìn ni gbòǹgbò rẹ̀ yóò ṣe gbilẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí náítírójìn tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà méjì tí ohun ọ̀gbìn ń fà látinú ilẹ̀, bá wọ́n, ńṣe ni ohun ọ̀gbìn ń dín oúnjẹ tí ì bá fi yọ ewé kù, tí ó sì ń darí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kí gbòǹgbò lè wá ohun tí kò sí nítòsí kàn. Bí ilẹ̀ bá lọ́ràá, ewé ló ń gba ìpín tó pọ̀. Lóòótọ́, gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn tó jẹun kánú lè wúwo ju ti èyí tó rù lọ, nítorí ohun ọ̀gbìn náà fúnra rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wé ewé orí rẹ̀, gbòǹgbò náà kò tó nǹkan.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé gbòǹgbò máa ń ṣù jọ síbi tí ajílẹ̀ wà. Ní 1975, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Malcolm Drew, fi ọkà báálì dán èyí wò: ó jẹ́ kí apá kan gbòǹgbò rẹ̀ rí náítíréètì (irú náítírójìn tí gbòǹgbò ń fà) tó pọ̀, díẹ̀ ló sì fún àwọn apá yòókù. Apá tó rí púpọ̀ yìí nìkan ló ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lọ bẹẹrẹ. Fọ́sífétì, irú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí gbòǹgbò ń fà, ṣe bákan náà. Pòtásíọ̀mù, èròjà ilẹ̀ mìíràn, kò ṣe é. Àìtó tó wà lápá kejì wà lára ohun tó ń mú gbòǹgbò sáré síbi tó dára. Bí gbogbo ilẹ̀ bá lọ́ràá dọ́gba, kò sí ìdí fún irú ìsáré bẹ́ẹ̀.

Irú oúnjẹ tó wọ́n náà ṣe pàtàkì. Náítíréètì ń bá omi rìn lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò tó jìn ló sì ń bá a. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í fẹ́ kúrò lójú kan, òkè ilẹ̀ ló sì ń pọ̀ sí jù, ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò àwọn ẹ̀yà ẹ̀wà kan fi ń tẹ́ sílẹ̀ nígbà tí kò bá tó. Irun tíntìntín ara gbòǹgbò á tún gùn sí i, á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fa ohun ọ̀gbìn tu kì í rí irun wọ̀nyí, nítorí inú ilẹ̀ ni wọ́n ń já sí.