Bí Ẹja Àjèjì Bá Bọ́ Sí Yín Lọ́wọ́ Lódò

Àwọ̀ ẹja kì í pẹ́ ṣá. Ẹja wẹ́wẹ́ tí ń dán yanran nínú àwọ̀n láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán ó ti funfun báláú, àmì tótòtó ara rẹ̀ ti pòórá. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹja ṣọ̀wọ́n ṣe ń gba ọwọ́ wa kọjá sínú ìkòkò ọbẹ̀. Rírí ẹja náà kò le tó títọ́jú rẹ̀ débi tí ẹlòmíràn yóò fi lè dá a mọ̀ lẹ́yìn 50 ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ó ti wá a. Ní àwọn erékùṣù olóoru tí òkè ayọnáyèéfín gbé jáde, odò a máa kúrú, a sì máa dà gẹ̀ẹ́rẹ̀ wọ òkun. Ọ̀pọ̀ ẹja góbì ibẹ̀ ń yé ẹyin sínú omi dídùn. Bí ọmọ bá ti pa, omi á gbé e dé òkun, yóò sì padà wọ odò bó bá dàgbà díẹ̀. Lẹ́bẹ́ ikùn wọn ti so pọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ òkúta bí ọwọ́ alángbá, òun ni wọ́n sì fi ń gun àpáta. Ní Hawaii, ọ̀kan nínú wọn ń gun Akaka Falls tí ó ga tó mítà 135. Ẹni tó bá wá ẹja nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já nìkan kò tíì wá a tán.

Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa ní Àríwá Nàìjíríà, òkun jìnnà, ṣùgbọ́n Òkè Jos dà bí erékùṣù láàárín ilẹ̀. Odò Kaduna, Gongola àti Jama'are ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀: Kaduna wọ Odò Ọya, Gongola wọ Benue, omi Jama'are forí lé Adágún Chad. Ẹja kékeré tó wà lókè àpáta tí àwọn ti ìsàlẹ̀ kò lè gòkè wá bá, bọ́dún ṣe ń gorí ọdún ni ó ń yàtọ̀ sí wọn.

Ẹ má fojú di kòtò omi òjò náà. Ẹja kékeré kan wà, Pronothobranchius kiyawensis, tí onímọ̀ ẹja Ernst Ahl sọ lórúkọ ní 1928, odò Kiyawa ní Àríwá níbí ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Omi tí ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn ni ó ń gbé. Òbí á kú, ẹyin á wà nínú ẹrẹ̀ títí òjò á fi tún rọ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti sán yóò búra pé ẹja kò gbé ibẹ̀ rí.

Kí ẹ tó wọ odò, ẹ lọ kí Sarkin Ruwa, olórí àwọn apẹja ibẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ọgbà ìjọba bíi Kainji Lake tàbí Gashaka-Gumti ni, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọ̀n ọwọ́ tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 3 sí 5 ló dára. Ẹnì kan á dojú rẹ̀ kọ ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹnì kejì á máa fẹsẹ̀ ru òkúta àti koríko etí odò wá sí i. Gamalin, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sódò láti fi pẹja, ìpakúpa ni; ó ń pa èyí tí ẹ ń wá àti èyí tí ẹ kò mọ̀ pé ó wà.

Nígbà tí ẹja ṣì wà láàyè, ẹ fi sínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi odò náà wà nínú rẹ̀, ẹ gbé rúlà tì í, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Kí orí rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ òsì, nítorí ẹ̀gbẹ́ òsì ni àwọn onímọ̀ ẹja káàkiri ayé fi ń ṣe àfiwé. Òróró kànáfùrù, 0.4 ml sí omi lítà 1, ni ẹ ó fi pa á láìjẹ́ kó jẹ̀rora. Ẹ kọ́kọ́ po òróró náà mọ́ sípíríìtì díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò léfòó ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹran tó tó hóró ìrẹsì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sínú ethanol 95%, ìyẹn sípíríìtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní omi nínú. Èyí gbọ́dọ̀ ṣáájú fọ́málìn, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú rà, torí fọ́málìn a máa ba DNA jẹ́, ìyẹn àmì ìran inú ẹran ara. Sípíríìtì aláwọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì kò ṣeé gbára lé fún un.

Ẹ tẹ́ ẹja sórí fóòmù, ẹ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín na lẹ́bẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa fọ́málìn sí i lára. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́bẹ́ á le gan-an, á sì ṣeé kà. Ẹ wá rì í sínú fọ́málìn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá 1 èyí tí ẹ rà sí ìdá 9 omi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níta gbangba. Èéfín rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ. Bí ẹja bá gùn tó ọwọ́ àgbàlagbà, ẹ la ikùn rẹ̀ díẹ̀ lápá ọ̀tún. Ìfun tí fọ́málìn kò bá dé á rà, ikùn á sì bẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkó ẹja há inú ìgò kan: wọn á ká kò bí ẹja gbígbẹ, wọn kò sì ní ṣeé wọ̀n mọ́. Kí omi oògùn tó ìlọ́po 10 ẹja. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, ẹ fi omi ṣàn án fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ tó kó o sínú ethanol 70%, ìrù sókè.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sórí bébà líle, inú ìgò gan-an sì ni kí bébà náà wà. Sípíríìtì a máa nu bíró dànù. Ọjọ́, orúkọ odò, abúlé tó súnmọ́ ọn jù, nọ́ńbà GPS inú fóònù pẹ̀lú díjíìtì 5 lẹ́yìn ojú àmì, irú àwọ̀n. “Odò kan nítòsí Abuja” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ ẹja tí a ń pè ní tuntun, ọmọ ẹja lásán ni, tàbí akọ tó wọ àwọ̀ ìgbéyàwó, tàbí àrọ̀ àdàlù Clarias àti Heterobranchus tó sá kúrò nínú pọ́ǹdù. Nítorí náà, ẹ ka egungun lẹ́bẹ́ àti ìpẹ́ tó wà lórí ìlà ẹ̀gbẹ́, ẹ sì wọ̀n ẹja láti ẹnu dé ìdí ìrù. Ìrù fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí ó máa ń já. Eschmeyer's Catalog of Fishes, àkójọ orúkọ ẹja gbogbo ayé, ní irú ẹja tó lé ní 36,000 tí a ó fi wé e. Kí orúkọ tuntun tó lè dúró, ẹja kan pàtó gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí a sì tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde. Ilé ìwádìí ẹja ní New Bussa tàbí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ni kí ẹ kó ìgò yín lọ.

Ẹja 5 sí 10 tó. Ẹ dá ìyókù padà síbi tí ẹ ti mú wọn gan-an, ẹ má kó wọn sínú odò mìíràn: bí ẹja odò méjì bá ti dàpọ̀, kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ èyí tó jẹ́ onílé nínú wọn.