Ọgbọ́n Àtọwọ́dá nínú Ogun Ojú Omi

Ọgbọ́n àtọwọ́dá nínú ogun ojú omi ni lílo kọ̀ǹpútà tó lè dá ohun tó rí mọ̀, kó sì fúnra rẹ̀ gbé ìgbésẹ̀, láti fi wa ọkọ̀, ṣọ́ òkun tàbí yìnbọn. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1943 ni Jámánì ti ń lo tọpídò, ohun ìjà tó ń rìn lábẹ́ omi, tó ń tẹ̀ lé ariwo ọkọ̀ ọ̀tá. Láti ọdún 1980 ni ìbọn Phalanx ti Amẹ́ríkà sì ti lè fi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò rí ohun tó wà lókèèrè, wá mísáìlì tó ń bọ̀, kó yìn ín lulẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì.

Abẹ́ omi ni iṣẹ́ náà ti le jù. Omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò rìn jìnnà, nítorí náà ọkọ̀ aláìlawakọ̀ tó bá ti wọ ìsàlẹ̀ kò lè rí GPS, ìyẹn sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, lò, kò sì rọrùn fún un láti gba àṣẹ. Ohùn ló ń rìn dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ohùn lè gbé kò pọ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ máa ṣírò ibi tó wà, kó sì máa fi sónà, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wá nǹkan lábẹ́ omi, mọ àdó olóró tí wọ́n dẹ sínú omi yàtọ̀ sí òkúta lásán. Iṣẹ́ tó yẹ ẹ̀rọ gan-an nìyí, nítorí ẹ̀mí òmùwẹ̀ ni wọ́n ń fi wewu níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi aláìlawakọ̀ Sea Hunter tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016, tó gùn tó mítà 40, lè dá rìn lójú òkun. Ti Magura V5, ọkọ̀ ojú omi aláìlawakọ̀ kékeré tí Ukraine fi ri ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà Ivanovets ní 2024 yàtọ̀: ènìyàn ló ń darí rẹ̀ láti òkèèrè.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1988, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà USS Vincennes yin ọkọ̀ òfuurufú èrò ti Ìránì lulẹ̀. Ènìyàn 290 kú. Aegis, kọ̀ǹpútà ìjà inú ọkọ̀ ogun náà, fi hàn pé ọkọ̀ òfuurufú náà ń gòkè, àmọ́ àwọn tó ń wò ó gbà pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wọn jà. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló ń ṣìṣe, ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin rántí èyí. Ìlànà 3000.09 ti ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ní 2012 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, ní kí ẹ̀rọ ìjà máa fi àyè sílẹ̀ fún ìdájọ́ ènìyàn.

Nàìjíríà ṣí ètò ìṣọ́ òkun Falcon Eye ní 2021, èyí tó ń fi rédà àti kámẹ́rà ṣọ́ etíkun nítorí àwọn ajalèlókun àti àwọn tó ń jí epo rọ̀bì. Ìpínlẹ̀ Kwara kò bá òkun pààlà, síbẹ̀ Ọ̀fà níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera àwọn ọmọ ogun ojú omi wà. Kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwòrán àti ariwo mọ̀ kò sì nílò etí òkun. Ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà Yunifásítì Ìlọrin jẹ́ ibi tó yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.